Má tíì kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì yẹn dànù

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ, pé búrọ́ọ̀ṣì makeup tó o rà ní Wuse ò tíì pẹ́ rárá tí irun ẹ̀ fi ń já sójú kọ́sítọ́mà, pé tó o bá tún fọ̀ ọ́ tán ó máa ń rùn, àti pé ṣé kó o kó gbogbo ẹ̀ dànù kó o lọ ra olówó gọbọi. Jọ̀ọ́, má tíì kó nǹkan kan dànù o. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun ní Abuja látọjọ́ tó ti pẹ́, Kubwa ni mò ń gbé, mo dẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lóríṣiríṣi, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé irun tó ń já yẹn àti òórùn yẹn, nǹkan kan náà ló sábà máa ń fa méjèèjì: omi ló wọ ọrùn búrọ́ọ̀ṣì tí ò ráyè jáde.

Wò ó dáadáa. Irun ló wà lókè, igi ló wà nísàlẹ̀, irin kan ló wá so wọ́n pọ̀ láàárín, òun ni mò ń pè ní ọrùn. Inú irin yẹn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ irun yẹn mọ́ ibẹ̀. Tí omi bá ti ń wọ ibẹ̀ lemọ́lemọ́, pàápàá omi gbígbóná, gọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, irun á máa yọ lẹ́yọ lẹ́yọ, tó bá yá orí ẹ̀ lódindi á yọ kúrò lára igi. Igi náà á mumi, á wú, ọ̀dà ara ẹ̀ á máa bó. Omi tó wá kù síbẹ̀ pẹ̀lú epo foundation àti òkú awọ ara èèyàn, inú òkùnkùn dẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i, òun lò ń gbóòórùn ẹ̀ yẹn.

Torí náà jáwọ́ nínú rírẹ wọ́n sínú ife. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, èèyàn á kàn kó gbogbo ẹ̀ sínú omi ọṣẹ á lọ gbọ́únjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń pa búrọ́ọ̀ṣì jù. Orí ẹ̀ ni kó máa kọjú sílẹ̀ látìgbà tó o bá ti gbé e débi omi títí tó o fi máa fọ̀ ọ́ tán, irun nìkan ni kómi kàn, kó má dé irin. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Da ọṣẹ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, máa fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn yí i lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́, má fi ipá tẹ̀ ẹ́, fi omi ṣan án, tún un ṣe títí omi tó ń jáde lára ẹ̀ á fi mọ́ kedere. Àwọn onírun ewúrẹ́ tá a fi ń lo páúdà, ṣáńpù ọmọdé ni mo fi ń fọ̀ wọ́n. Ti foundation àti concealer (èyí tá a fi ń bo àbàwọ́n ojú) tó jẹ́ pé irun àtọwọ́dá ni, ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ ló ń ká epo ara ẹ̀, ṣáńpù nìkan ò kápá ẹ̀. Àwọn kan á ní kó o lo ọṣẹ dúdú. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú fún ara mi, ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó le jù fún irun ewúrẹ́, ó máa ń jẹ́ kó gbẹ kó sì le.

Omi tiwa níbí náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Omi borehole àdúgbò mi kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tó o bá wá lo ọṣẹ líle (bar soap), nǹkan funfun kan máa lẹ̀ mọ́ irun yẹn, á le gbagidi, o máa rò pé kò tíì mọ́ ni wàá tún máa fọ̀ ọ́ lọ, kò dẹ̀ ní kúrò. Ṣáńpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, omi òjò tí mo gbè ni mo fi ń ṣan wọ́n kẹ́yìn, irun yẹn á rọ̀ múlọ́múlọ́.

Gbígbẹ ló wá le jù. Fi ìka fún omi ẹ̀ jáde láti ọrùn wá sí ṣóńṣó, tún orí ẹ̀ ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó o wá tẹ́ ẹ sí etí tábìlì kí irun ẹ̀ yọ síta, kí atẹ́gùn lè yí i ká. Má gbé e nàró sínú ife nígbà tó ṣì tutù, gbogbo omi yẹn ló máa ṣàn padà sọ́rùn. Nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ rárá, ṣùgbọ́n eruku Abuja lásìkò yẹn, ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nígbà òjò, àárọ̀ ni kó o máa fọ̀ ọ́, tan fáànù sí i tíná bá wà, má fi díráyà gbígbóná gbẹ ẹ́, má sì dì í sínú báàgì títí ọrùn ẹ̀ á fi gbẹ pátápátá.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà sọ pé kéèyàn máa fọ tara ẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ìyẹn fún ẹni tó ń lò ó fúnra ẹ̀ nìkan o. Ìwọ tó ń kun ojú olójú, búrọ́ọ̀ṣì tó bá ti kan ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíì láìjẹ́ pé o tọ́jú ẹ̀. Lóde ìgbéyàwó tí ò sí àyè láti fọ̀ ọ́, nu gbogbo páúdà ẹ̀ kúrò sórí tíṣù, wá fọ́n isopropyl alcohol 70% (oògùn olómi tó ń pa kòkòrò) sí i, kó gbẹ. Má ra 99% torí pé o rò pé ó lágbára jù, kíá ló ń fẹ́ lọ, omi tó wà nínú 70% ló ń jẹ́ kó pẹ́ lára ẹ̀ tó láti pa kòkòrò. Tó o bá dẹ̀ fọ́n ọn sórí ìdọ̀tí, o ò ṣe nǹkan kan.

Búrọ́ọ̀ṣì inú mascara, èyí tá a fi ń kun irun ìpéǹpéjú, ò ṣe é fọ̀. Mo lọ ṣe ìyàwó kan ní Gwarinpa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó jókòó síwájú mi, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ń ṣomi, Apollo ni, ó dẹ̀ máa ń ràn. Mo ní màá kun ojú ẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan ẹyinjú ẹ̀, màmá ìyàwó bẹ̀ mí títí, mo kọ̀. Inú bí wọn, kò burú. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ wa. Ra àwọn igi mascara tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù, wọn ò wọ́n.

Èyí tí orí ẹ̀ ti yọ kúrò lára igi nínú tiẹ, jẹ́ kí méjèèjì gbẹ, fi gọ́ọ̀mù Araldite lẹ̀ ẹ́, ó di ọjọ́ kejì kó o tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí irun ẹ̀ ń já látinú ọrùn ò ṣe é tún ṣe, má lò ó fún kọ́sítọ́mà mọ́. Àwọn tó ń rùn, fọ̀ wọ́n bí mo ṣe sọ yìí, kí wọ́n gbẹ dáadáa, kó o tó gbóòórùn wọn. Tó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ni kó o jù nù.