Ẹ̀dà fọ́tò ń gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù mọ́ wa lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò òde ni mò ń yà ní Sábó, Ìkòròdú. Mo ní NAS kan, ìyẹn àpótí tó ń tọ́jú fáìlì sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní ṣọ́ọ̀bù, òmíràn wà nílé mi ní Èbúté, ti ṣọ́ọ̀bù ló ń fi ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ ránṣẹ́ sí tilé. Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, POS ò ní lọ mọ́, WhatsApp á sì máa yí lórí ojú kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká kúkú pa á. Ṣé ká pa á ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa á o, Ìyá Ìbejì. Ìgbéyàwó táa ti ṣe kọjá kò ṣe é tún yà. Bí olè bá gbé ti Sábó lọ, ti Èbúté ló kù. Ẹ dín ohun tó ń gbà kù ni.

NAS yín ò mọ̀ pé POS wà. Gbogbo àyè tó bá rí lójú ọ̀nà àjáde, ìyẹn upload, ló máa gbà, ọ̀nà yẹn ló sì sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ohun tó ń wọlé náà á tún máa falẹ̀. Ìdí ni pé bí ẹ̀rọ bá gba nǹkan, ó gbọ́dọ̀ dá èsì padà pé "ó ti dé ọ̀dọ̀ mi", ọ̀nà àjáde kan náà ni èsì yẹn sì ń bá lọ. Tó bá há sẹ́yìn fídíò yín, ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ á dúró dè é.

Ẹ dá ẹ̀dà náà dúró díẹ̀, kí ẹ wọn upload yín. Ká ní ó jẹ́ mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 8 pín in, torí bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan: mẹ́gábáìtì 1.25, ìyẹn kílóbáìtì 1,250. Ẹ fara balẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́. Bíìtì ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ń polówó, kílóbáìtì ni ọ̀pọ̀ NAS ń bèèrè níbi tí ẹ ti máa kọ ìwọ̀n tí ẹ̀dà kò gbọdọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá kọ 10,000 síbẹ̀ kò dí nǹkan kan. Lọ́sàn-án, ẹ kọ 200. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, 1,000. Tó bá jẹ́ rsync, ètò kan tó ń da fáìlì kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, lẹ ń lò, --bwlimit=200 ni.

Ẹ má sì há a jù, torí iṣẹ́ tuntun á máa gorí iṣẹ́ àná. Pẹ̀lú 200, mẹ́gábáìtì 720 ló ń lọ ní wákàtí kan. Pẹ̀lú 1,000, gígábáìtì 3.6. Òde Sátidé tó mú gígábáìtì 60 wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà, á dé Èbúté kílẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, bí iná ò bá lọ. Ẹ má pa ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́ kó tó dé.

Tí ẹ bá ra NAS mìíràn lọ́la, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù kó kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tó bá yí padà ni yóò máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ.