Ǹjẹ́ ẹ̀san tí Muhalhil gbà ni ẹ̀san tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àfáà wa. Ní ilé-kéwú wa, a ń ka ìtàn ogun Basus, ogun àwọn Lárúbáwá ní ìgbà àìmọ̀kan tí ó ṣáájú Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti wo eré tí àwọn ará Síríà ṣe ní ọdún 2000 lórí Zir Salim, ẹni tí àwọn Lárúbáwá tún ń pè ní Muhalhil. Àfáà kan sọ nínú wáàsí pé akọni ni Muhalhil, àti pé ohun tí ó ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ọlọ́hun fún wa láṣẹ láti ṣe nínú ẹsẹ 33 Suratul-Isra. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjà. Ẹni tí ó pa á wà ní àtìmọ́lé, ẹjọ́ sì ń lọ ní kóòtù, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àbúrò rẹ̀ ṣì ń rìn kiri ní àdúgbò wa, wọ́n sì ń pè mí ní ojo. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀sìn wí? Ṣé ó sì tọ́ kí a máa ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí a máa wò ó?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullahi wa barakaatuh. Kí Ọlọ́hun forí jin ẹ̀gbọ́n rẹ, kí Ó fẹ sàréè rẹ̀, kí Ó sì fún àwọn òbí yín ní ìfaradà. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ibi tí o ti dárúkọ àbúrò apànìyàn ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí náà ibẹ̀ ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún ọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti jẹ́ èèwọ̀ fún ẹni tí ó ta á sílẹ̀. Bí o kò bá tilẹ̀ ka ìyókù ìwé yìí, di èyí mú ṣinṣin.

Ní ti Muhalhil, ìtàn tí wọ́n ń fi yìn ín ni ó dá a lẹ́bi. Ẹ̀yà Lárúbáwá méjì ni Bakr àti Taghlib, ọmọ Wa'il ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kulayb tí í ṣe olórí Taghlib jẹ́ alágbára tí agbára gùn bí ẹṣin, ó fi ọfà ta ràkúnmí kan ní ọmú nítorí pé ó jẹ koríko pápá tí ó fi de ara rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ràkúnmí náà wà lábẹ́ ààbò obìnrin kan tí ń jẹ́ Basus àti ọmọ arábìnrin rẹ̀, Jassas, ará Bakr. Jassas pa Kulayb. Títí dé ibẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí ni Muhalhil, àbúrò Kulayb. Wọ́n fi owó ẹ̀jẹ̀ lọ̀ wọ́n, wọn kò gbà á, kíkọ̀ náà nìkan kò sì lè sọ ènìyàn di ẹni ibi, nítorí pé nínú ìlànà Imam Malik tí àwa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ẹbí ẹni tí wọ́n pa, ní ẹ̀tọ́ láti sọ níwájú adájọ́ pé qisas, kí wọ́n pa apànìyàn náà, ni òun fẹ́, bí ó ti ní ẹ̀tọ́ láti foríjì.

Wo ibi tí ó ti ṣubú. Ọkùnrin kan wà nínú Bakr tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ al-Harith ọmọ Ubad. Ó fà sẹ́yìn kúrò nínú ogun náà, ó ní òun kò ní abo ràkúnmí nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun kò sì ní akọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Bujayr jẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn òpìtàn mìíràn ní ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Muhalhil rí ọ̀dọ́ yìí, ó sì pa á, ó ní kí ó lọ fi ẹ̀mí rẹ̀ dí okùn bàtà Kulayb. Nígbà tí ìròyìn ikú náà kọ́kọ́ dé, al-Harith fara mọ́ ọn, ó ní òkú alábùkún ni Bujayr bí ikú rẹ̀ bá lè parí ìjà àwọn ọmọ Wa'il. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé okùn bàtà ni Muhalhil fi ọmọ náà wọ́n ni ó pè fún ẹṣin rẹ̀. Bí ẹni tí kò fẹ́ jà ṣe wọ inú ogun nìyẹn, ogun tí àwọn òpìtàn ní ó gba nǹkan bí ọdún 40. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn náà sórí, ẹ sọ fún mi: lọ́jọ́ tí Muhalhil pa Bujayr, ẹ̀tọ́ wo ni ó ń béèrè? Ó ti kúrò ní ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, ó ti di apànìyàn bíi Jassas. Ohun tí ó ṣe tilẹ̀ burú ju ti Jassas lọ, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ Jassas ni Jassas pa.

Àfáà tí ó fi Suratul-Isra gbe èyí lẹ́sẹ̀ ka ẹsẹ náà dé àárín, ó sì dúró. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun níbẹ̀ nìyí: ẹni tí wọ́n bá pa ní ìpa àbòsí, dájúdájú A ti fún alámòjútó rẹ̀ ní àṣẹ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọjá ààlà nínú pípa, dájúdájú ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ni. Kí ni ìkọjá-ààlà tí Ọlọ́hun kọ̀? Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé rẹ̀ pé òun ni kí ènìyàn pa ẹni tí kò pànìyàn, tàbí kí ó pa ènìyàn méjì dípò ẹnì kan, tàbí kí ó gé ẹ̀yà ara òkú. Ìṣe ìgbà àìmọ̀kan ni gbogbo rẹ̀, Muhalhil sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹsẹ tí Àfáà yìí fi ń yìn ín ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti fòfin de irú ìwà rẹ̀.

Ní ti àṣẹ tí ẹsẹ náà mẹ́nu bà, kì í ṣe pé kí o yọ ọ̀bẹ lójú títì. Al-Qurtubi, onímímọ̀ ìlànà Imam Malik, sọ ọ́ lábẹ́ ẹsẹ qisas nínú Suratul-Baqara pé kò sí àríyànjiyàn pé àwọn aláṣẹ nìkan ni wọ́n ń ṣe qisas ẹ̀mí. Àwọn onímímọ̀ wa tilẹ̀ sọ pé bí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa apànìyàn gan-an láìgba àṣẹ, wọn yóò jẹ ẹ́ níyà. Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí lórí ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ni a ó wí lórí àbúrò rẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ àdíìsì kan fún ọ tí ó wà nínú Sahih Muslim láti ẹnu Wa'il ọmọ Hujr. Ọkùnrin kan fi okùn awọ fa ẹnì kan wá síwájú Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní ẹni yìí pa arákùnrin òun. Apànìyàn náà jẹ́wọ́: àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbọn ewé igi, ìkejì rẹ̀ bú u, inú bí i, ó sì fi àáké lù ú lórí. Ànábì bi í bóyá ó ní ohun tí ó lè san, ó ní aṣọ òun àti àáké òun nìkan ni òun ní, àwọn èèyàn òun kò sì ka òun sí tó láti rà òun padà. Ànábì ju okùn náà sí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀, ó ní kí ó máa mú ẹni rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yí ẹ̀yìn padà, Ànábì sọ pé bí ó bá pa á, bákan náà ni àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà gbọ́, ó padà wá, Ànábì sì bi í bóyá kò fẹ́ kí apànìyàn náà ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ arákùnrin rẹ̀ tí ó kú. Ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Onímímọ̀ An-Nawawi mú un wá nínú àlàyé rẹ̀ lórí Sahih Muslim pé ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti pa, ìkejì kò lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọra nínú títẹ̀lé ìbínú. Arákùnrin mi, níwájú Ànábì ni èyí ti ṣẹlẹ̀, lórí apànìyàn tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nínú ìdágbére Haji ní ọdún 10 lẹ́yìn Hijra, nígbà tí Ànábì ń fagi lé ẹ̀san ìgbà àìmọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìdílé òun fúnra rẹ̀, ọmọ Rabi'a, ni ó kọ́kọ́ fagi lé.

Kíka ìtàn náà kò léèwọ̀. Àwọn onímímọ̀ láti ìgbà àwọn sàábé ni wọ́n ti ń lo ewì ìgbà àìmọ̀kan láti fi ṣàlàyé Àlùkùránì. Wíwo eré náà wà lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí o bá mú kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wò ó tí inú rẹ̀ ń dùn sí ikú Bujayr, kí ó má ṣe wo eré náà mọ́. Ewì Amr ọmọ Kulthum, ẹni tí wọ́n ní ọmọ ọmọ Muhalhil ni láti ọ̀dọ̀ ìyá, wà lẹ́nu yín ní ilé-kéwú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe hùwà òmùgọ̀ sí wa, kí àwa má baà hu ti wa tí yóò kọjá ti àwọn òmùgọ̀. Ẹ kọ́ èdè Lárúbáwá níbẹ̀. Ìwà wa, Suratul-Furqan ni kí a ti kọ́ ọ, níbi tí Ọlọ́hun ti ròyìn àwọn ẹrú Rẹ̀ pé nígbà tí àwọn aláìmọ̀kan bá sọ̀rọ̀ sí wọn, àlàáfíà ni wọ́n ń fi fèsì.

Àwọn tí ń pè ọ́ ní ojo kò ní bá ọ dúró ní kóòtù, wọn kò sì ní bá ọ dúró ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Jìnnà sí wọn. Máa bá bàbá rẹ lọ síbi ẹjọ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ níwájú adájọ́, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n fi owó ra ẹnu yín. Bí ọkàn rẹ bá ń gbóná, wá bá mi lẹ́yìn ìrun Asri, ẹnu ọ̀nà mi ṣí sílẹ̀ fún ọ.

Àfáà tí ó ṣe wáàsí yẹn, ó pọn dandan fún un láti túúbá, kì í sì í ṣe ní kọ̀rọ̀, nítorí pé gbangba ni ó ti sọ ọ́, ọ̀dọ́ tí ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀ sì lè wà nínú àwọn tí ó gbọ́. Kí ó padà sí ibi tí ó ti sọ ọ́, kí ó sì ka ẹsẹ náà fún wọn parí.