Bélífù dé nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀? Northampton ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpayà. Ẹ ní bélífù, ẹni tó ń fi àṣẹ kọ́ọ̀tù gba gbèsè, lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yín ní Peckham ní London, pé tíkẹ́ẹ̀tì páàkìn tí ẹ kò fojú kàn rí ti lé ní £500, àwọn èèyàn sì ń sọ pé kẹ́ ẹ kàn sanwó kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san án. Irú ẹ̀ ṣe èmi náà, bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ wo bí owó náà ṣe ń wú. Nígbà tèmi, £130 ni tíkẹ́ẹ̀tì, £65 fún ẹni tó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ìyẹn ni káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) máa ń fi Notice to Owner ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, ó sì ní ọjọ́ 28 láti sanwó tàbí kó sọ tẹnu ẹ̀. Tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á fi ìdajì lé e: £130 di £195. Ìgbà yẹn ni wọ́n á kọ gbèsè náà sílẹ̀ ní Traffic Enforcement Centre, ẹ̀ka kọ́ọ̀tù tó ń rí sí gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì, ní Northampton, owó kọ́ọ̀tù á tún gùn ún, bélífù á sì ti ibẹ̀ gba àṣẹ. Lẹ́tà bélífù nìkan, £75 ni nígbà yẹn. Tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé, £235 míì. Owó bélífù wá ju ti káńsù lọ!

Èmi ò rí ìkankan nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ilé tí a pọ̀ sí ni mò ń gbé nígbà yẹn, ihò lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń kó lẹ́tà, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ń kó o sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde, mo bá irin tí bélífù fi de táyà ọkọ̀ mi. Mo ń ṣàlàyé fún bélífù náà, ó ń mirí, ó sì ń na ẹ̀rọ káàdì sí mi. Kì í kúkú ṣe ìkà, àlàyé mi ni kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo pe káńsù, wọ́n ní kí n lọ bá bélífù.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti jẹ irú ìyà náà rí ló ní kí n gba fọ́ọ̀mù TE7 àti TE9, méjèèjì pa pọ̀, kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí Northampton. TE9 lẹ ti máa sọ pé Notice to Owner ò tẹ̀ yín lọ́wọ́, TE7 lẹ ti máa sọ ìdí tó fi pẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé, bélífù gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí ìdáhùn fi máa dé. Ti èmi wọlé: àṣẹ náà fagi lé, owó bélífù bá a lọ, káńsù bẹ̀rẹ̀ látorí Notice to Owner tuntun, mo sì san £130 wọn. Mo páàkì síbẹ̀ lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ bá wọn jà sí?

Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí yíyà síbi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má yà ni, ní London, fọ́ọ̀mù PE2 àti PE3 lẹ máa lò dípò TE7 àti TE9, ẹ sì gbọ́dọ̀ búra sí PE3 níwájú ẹni tó láṣẹ láti gba ìbúra, bíi lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ẹ ò rí lẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má dán an wò. Kọ́ọ̀tù lẹ ń purọ́ fún yẹn, kì í ṣe káńsù.

Kí ìdáhùn tó dé, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún bélífù. Lórí gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, kò láṣẹ láti jálẹ̀kùn nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ò tì á gbà á wọlé. Ọkọ̀ gan-an ló ń wá, ẹ gbé e jìnnà sílé. (Owó ìtanràn láti kọ́ọ̀tù májísírééètì yàtọ̀ o, àwọn yẹn lè jálẹ̀kùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ibi ìpáàkì ṣọ́ọ̀bù tún yàtọ̀: títí wọ́n á fi pè yín lẹ́jọ́ tí wọ́n á sì jàre, wọn ò lè rán bélífù sí yín.)

Ẹ tún yẹ àdírẹ́sì tó wà lórí V5C, ìwé ọkọ̀ yín, wò. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí a bá ti yí ti láísẹ́ńsì padà, ti ọkọ̀ ti yí nìyẹn. Rárá, ọ̀tọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan, ìtanràn ẹni tí kò yí ti V5C sì lè tó £1,000. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ìwé bélífù ni TE7 máa bi yín, nítorí náà ẹ má ya ìwé yẹn sọnù.