Fún ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé ní Òṣogbo

Àbúrò mi, o ní orin rọ́ọ̀kì ni ọkàn rẹ fà sí, o fẹ́ máa bá àwọn olórin ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé láti Òṣogbo níbí, kí o sì máa fi ohun tí o bá rí níbẹ̀ kọ ìròyìn nípa àwọn gbajúmọ̀. O bèèrè bóyá iṣẹ́ méjèèjì ṣe é dàpọ̀. Kò ṣe é dàpọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ru sípíkà, tí mò ń na wáyà, tí mò ń jókòó ti mísà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kí o tó ronú kan mísà, kọ́ iná. Lọ́dọ̀ wa níbí, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ òde ró. Ìgbà mìíràn wà tí gìtá ń jẹ iná lára ọ̀kan, tí máìkì ń jẹ tiẹ̀ lára òmíràn, tí méjèèjì kò sì ní wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Olórin di okùn gìtá mú, ó fi ètè kan máìkì, iná gba ara rẹ̀ kọjá. Máìkì tí kò ní wáyà ilẹ̀ ló pa Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, lórí ìtàgé ní Swansea, nílẹ̀ Wales, lóṣù Karùn-ún ọdún 1972. Èmi náà ti rí ọmọkùnrin onígìtá kan tí iná jù sẹ́yìn níbi ìnáwó kan ní Òṣogbo níbí. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìka rẹ̀ tó lè tẹ okùn dáadáa. Ẹni tó yá wa ní jẹnẹrétọ̀ dúró tì í, ó ń sọ pé iná díẹ̀ ni.

Nítorí náà, irin ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń da omi sí ìdí rẹ̀, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná sára bó ṣe yẹ. Gbogbo ohun tó bá wà lórí ìtàgé, ojú kan ni kó ti máa jẹ iná. Fi tẹ́sítà kan máìkì àti gìtá kí olórin tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí sípíkà bá sì ń kùn hùn-ùn, má ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tó jẹ́ ti wáyà ilẹ̀, o! Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ariwo yẹn á sì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ì bá gba ẹ̀mí là lo ṣẹ́ dànù yẹn. DI box, àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín gìtá àti mísà, ni kí o lò, èyí tó ní bọ́tìnì ground lift tó ń já ilẹ̀ wáyà ohùn nìkan, tí kò kan ti iná.

Etí rẹ náà ńkọ́? Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí 8 ni wọ́n ní kí èèyàn wà nínú rẹ̀ mọ lójúmọ́. Ìgbàkígbà tó bá fi 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ọ̀rọ̀ etí ló dá Brian Johnson, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì AC/DC, dúró lẹ́nu ìrìn-àjò orin wọn ní 2016. Ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí, kí o sì lò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìròyìn. Lẹ́yìn ìtàgé, wàá rí olórin tó ń sunkún, wàá rí èyí tó ń bá mánéjà jà nítorí owó, wàá rí èyí tí wọ́n ń fa omi sí lára tí yóò sì kọrin láìpẹ́. Wọ́n jẹ́ kí o rí i torí pé wọ́n kà ọ́ mọ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó tà á. Owó tó gbà kò tó ra kébù gidi kan. Ó pẹ́ gan-an kí mánéjà kankan tó tún pe ẹgbẹ́ wa, àti àwa tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i. Ilé iṣẹ́ ńlá gan-an kò mú irú rẹ̀ jẹ: News of the World, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1843, kógbá sílé lóṣù Keje 2011 nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú fóònù àwọn èèyàn.

Bó bá jẹ́ ìròyìn lo fẹ́ jù, iṣẹ́ gidi ni. Ẹnu ọ̀nà ni kí o gbà wọlé. OSBC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà ní Òkè-Baálẹ̀ níbẹ̀ yẹn, wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láàárín àwọn oníròyìn ìlú, kí o sì máa bá mánéjà sọ ọ́ ṣáájú. Níbi orin rọ́ọ̀kì ńláńlá, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ayàwòrán, láìtan fíláàṣì, wọ́n á sì jáde. Òfin yẹn wù mí kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bó bá jẹ́ ìtàgé lo yàn, lọ bá àwọn tó ń yá èèyàn ní sípíkà kí oṣù Kẹjọ tó dé, torí iṣẹ́ máa ń pọ̀ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Jùjú, fújì àti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wàá máa ṣe jù. Má fojú kéré rẹ̀: ẹni tó bá lè mú kí gángan dún ketekete láàárín gìtá mẹ́ta, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kò ní dẹ́rù bà á. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni wọn yóò kọ́kọ́ máa fún ọ. Gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ ti fẹnu kò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí ìgbà tí owó iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.