Bàbá tó ja ogun Bọ́mà, tí sàréè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí wa obìnrin ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọ ọdún 11 ni. Ní oṣù kẹrin, ilé ẹ̀kọ́ wọn níbí ní Maryland kó wọn lọ sí Arlington, itẹ́ òkú àwọn ológun tó wà ní Virginia. Nígbà tó dé, ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́: òkúta funfun tó tò lọ bí ebè, sójà tó ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú ibojì ẹni tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, iná orí sàréè Ààrẹ Kennedy tí wọn kì í jẹ́ kó kú.

Iléyá dé, a kó wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n lè bá wa wo Ojúde Ọba. Ẹ mọ̀ pé nínú ọgbà ilé wa ni sàréè bàbá bàbá mi wà, láàárín ilé ìdáná àti tánkì omi. Táìlì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó. Àwọn ọmọ ilé ń jókòó lé e jẹun, àǹtí mi sì ń sá ata lé e lórí. Ẹnu mi yá, mo sọ fún ọmọ náà pé sójà ni bàbá yìí, pé ó bá wọn ja ogun Hítílà dé Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ó wo táìlì, ó wo ata, ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Dádì, ṣé ó ṣẹ̀ wọ́n ni?"

N ò rí èsì fọ̀. Mo ní kó lọ wẹ̀.

Ìyàwó mi ti ń sọ pé ká hú táìlì yẹn kúrò, ká fi màbù funfun bíi ti Arlington bò ó kí ọmọ má baà rò pé ẹni yẹpẹrẹ ni wá. Ẹ̀yin lẹ bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ológun, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ Arlington jù nínú wa. Kí ni kí n sọ fún un?

Èsì

Àbúrò mi, bá mi sọ fún ìyàwó rẹ pé kó mú sùúrù pẹ̀lú màbù ná. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ìbéèrè tí àwa àgbà ò bi ara wa láti ọjọ́ yìí wá ló bi ọ́ yẹn.

Bẹ̀rẹ̀ láti Arlington fúnra rẹ̀, torí apá kan ìtàn ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọdé. Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀ títí ó fi sú mi. Ilẹ̀ yẹn, oko tí wọ́n ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìyàwó Robert E. Lee ló jogún rẹ̀, Lee tó di ọ̀gágun fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí wọn ò fẹ́ kí ẹrú gba òmìnira. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà le, ìjọba gba ilẹ̀ náà, nígbà tó di 1864 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin òkú sójà síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sin àwọn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà òdòdó ìyàwó Lee, kí ó má baà ṣe é ṣe fún ẹbí náà láti padà wá gbé ibẹ̀. Wo inú burúkú! Ilẹ̀ tí à ń wò lónìí bí ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ìbínú ni wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Àwọn tó lé ní 400,000 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹnì kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀ kó tó mọ Kennedy: James Parks. Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n bí i lẹ́rú sí, ó wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè àkọ́kọ́, nígbà tó sì kú ní 1929, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Nínú gbogbo èrò yẹn, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà tí wọ́n sì sin sórí rẹ̀. Ṣé o rí i? Ẹnì kan péré ní Arlington ló sùn bí bàbá rẹ àgbà ṣe sùn.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ yà sí apá tí wọ́n ń pè ní Section 27. Àwọn èèyàn dúdú tó lé ní 3,800 wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá kúrò lóko ẹrú nígbà ogun. Ohun tí wọ́n kọ sára òkúta wọn ni "Citizen" tàbí "Civilian". Àwọn tí òfin ò kà sí ọmọ ìlú nígbà tí wọ́n wà láyé, ikú ló sọ wọ́n di ọmọ ìlú. Àwọn sójà dúdú pàápàá, títí di 1948, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń sin wọ́n sí.

Medgar Evers ńkọ́? Ọkùnrin yẹn ja ogun Hítílà ní ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Mississippi, àwọn aláwọ̀ funfun gbé ìbọn dúró, wọn ò jẹ́ kó dìbò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1963, wọ́n yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀. Arlington ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ ológun. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Kennedy dé, òun náà, ìbọn ló pa á. Bí ọmọ bá bèèrè pé ṣé Evers ṣẹ̀ wọ́n ni, kí lo fẹ́ sọ? Òkúta funfun kì í sọ bí wọ́n ṣe ṣe ènìyàn sí nígbà tó wà láàyè.

Joe Louis abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wà níbẹ̀ láti 1981. Ó ṣe sójà nígbà ogun, àmọ́ Ààrẹ Reagan ló fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbà á. Matthew Henson, ọkùnrin dúdú tó bá arìnrìn-àjò Peary rin ìrìn àjò lọ sí òpin ayé ní àríwá ní 1909, New York ni wọ́n sin ín sí ní 1955. 1988 ni wọ́n tó hú u wá sí Arlington. Audie Murphy sì wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ja ogun Hítílà. Ẹni tó bá gba Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún sójà Amẹ́ríkà, wúrà ni wọ́n máa ń fi kun orúkọ rẹ̀ lára òkúta. Murphy ní òun ò fẹ́. Òkúta rẹ̀ rí bíi ti ẹnikẹ́ni. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo wúrà tó kù lọ.

Ó yá, ká bọ̀ sílé.

Kò pẹ́ tí èmi náà mọ̀ pé òfin kan wà nígbà ogun Hítílà yẹn: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí wọ́n gbé òkú sójà kankan padà sílé, ì báà jẹ́ ọmọ olówó, ì báà jẹ́ ọmọ tálákà. Ibi tó bá ṣubú sí ni wọ́n máa sin ín sí. Àwọn ọmọ wa wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà. Àwọn Dífíṣọ̀n 81 gba àfonífojì Kaladan, níbi tí mọ́tò ò lè dé. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, ọwọ̀n òkúta wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó tó 27,000 sí, àwọn tó kú ní Bọ́mà tí ẹnikẹ́ni ò mọ sàréè wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Òkúta ìjọba nìyẹn, fún ẹni tí ilé ò rí gbà padà. Bàbá rẹ àgbà bọ́. Ó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó kọ́lé, ó bímọ, ó kú lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n sì sin ín síbi tí yóò ti máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ-ọmọ. Kí ni ìjọba fẹ́ fún un tó jùyẹn lọ?

Sọ fún ọmọ náà pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mú un lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìpẹ́rù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tó kú ní 1987, inú ọgbà ilé rẹ̀ ló sùn sí. Àwọn ẹṣin tó rí ní Ojúde Ọba, tí ìdílé Balógun Kúkù àti àwọn balógun yòókù ń gùn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, àwọn jagunjagun àtijọ́ ni wọ́n ń fi rántí. Ọmọ wọn ló ń gun ẹṣin fún wọn lọ́dọọdún. Ata orí sàréè yẹn kì í ṣe àrífín. Ẹni tó wà nílé ni wọ́n ń sá ata sí lára.

Àmọ́ n ò ní parọ́ fún ọ. Nǹkan kan wà tí ọmọ yẹn rí, tó sì tọ́. Kí ni wọ́n kọ sórí táìlì yẹn? Mo mọ̀ láìdé bẹ̀: orúkọ bàbá, ọjọ́ tó kú, "Sùn re o". Kò sí Bọ́mà níbẹ̀. Ilé mọ bí a ṣe ń tọ́jú òkú; iṣẹ́ tí òkú ṣe níta ni ilé máa ń gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà lọ Bọ́mà. Wọ́n fún un ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kan, Burma Star, tí okùn rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, pupa àti ọsàn. Àwa ọmọ ilé la fi ṣeré tẹ́tẹ́ lójúde títí ó fi sọnù, mo sì wà níbẹ̀. Kò bá wa wí. Kò sì sọ ohun tó rí lọ́hùn-ún fún wa rí, àfi pé kì í jẹ ìrẹsì.

Wo ohun tó wà nínú ìtàn bàbá rẹ nìkan. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra, dé Ìmàgbọn, wọ́n fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọdún 52 péré lẹ́yìn náà, ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú igbó Bọ́mà, ó ń jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tó bí bàbá àgbà rẹ lè ti gbọ́ ìró ìbọn yẹn létí ara rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ọmọ gbọ́, kì í ṣe pé "akọni ni bàbá wa". Má pè é ní akọni bí o kò bá mọ ohun tó ṣe. Ó lè jẹ́ pé àpótí ọta ló ń rù. Ẹni tó ru ọta gba inú òkè yẹn kọjá, kò kéré.

Bó bá sì wá di ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ní tòótọ́, sọ ìyẹn náà fún un. Ní 2021, àjọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tọ́jú sàréè ogun jẹ́wọ́ pé, nínú àwọn tó kú sí ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000 wà tí wọn ò kọ orúkọ wọn síbi kankan tàbí tí wọn ò tiẹ̀ rántí rárá, púpọ̀ nínú wọn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì. Àwọn wọ̀nyẹn ò ṣẹ ẹnì kankan. Àwọn ni wọ́n ṣẹ̀.

Kí ó má sì rò pé Nàìjíríà ò ní tirẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn ológun wà ní Àbújá. Ibẹ̀ ni Abu Ali wà, ọ̀gá sójà tó kú lójú ogun Boko Haram ní 2016. Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀ méjì wà, Attahiru ní 2021 àti Lagbaja ní 2024. Tolulope Arotile wà níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun fún Nàìjíríà. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó kú ní 2020. Fi fọ́tò rẹ̀ han ọmọ náà. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní la máa ń rántí gbogbo wọn, torí ọjọ́ yẹn ni ogun Biafra parí ní 1970.

Ní ti sàréè, fi táìlì sílẹ̀. Pe àǹtí tó ń sá ata yẹn kí ẹ̀yin méjèèjì jọ tú àpótí bàbá. Wá ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà, ó máa ń ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà. Kí àǹtí ki oríkì bàbá sínú fóònù rẹ kó tó di pé òun náà lọ. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ rẹ obìnrin kọ ìlà kan fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí oníṣẹ́ òkúta fín in sí ẹsẹ̀ sàréè. Kó sọ pé ó lọ Bọ́mà, kó sọ pé ó padà.

Nípa ọmọ tèmi tí o mẹ́nu bà. Ó ń lọ sí ọdún kẹfà tó ti wọ ṣòkòtò sójà Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń fún wọn ní ìwé láti kọ orúkọ ẹni tí yóò pinnu ibi tí wọn yóò sin wọ́n sí bí nǹkan bá ṣe. Orúkọ mi ló kọ. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, Arlington àbí Ìpẹ́rù?" Mo ní ọ̀rọ̀ rírùn ni, kó gbé e jù sígbó, mo pa fóònù. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Bí o bá tún bá ọmọ ọdún 11 yẹn jókòó, bá mi bi í wò.