Èsì: Ẹ má tíì ra odindi àpò igi gọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra odindi àpò igi gọ́ọ̀fù, àti ìdí tí bọ́ọ̀lù yín fi ń rá lórí ilẹ̀ dípò kó fò.

Ẹ má tíì náwó. Òfin gba igi 14 lápò, ṣùgbọ́n 7-iron (igi olórí irin tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè), wedge kan (èyí tí a fi ń gbá a sí tòsí) àti putter (èyí tí a fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò) tó ẹni tó ń kọ́ ọ. Àlòkù náà dára.

Ní ti bọ́ọ̀lù tí kò fò, òkè orí bọ́ọ̀lù náà lẹ ń gbá. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ gbé e sókè. Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn o! Ojú irin tó wà lórí igi náà ti dagun sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, òun ló ń gbé e fò. Ẹ jẹ́ kí irin sọ̀ kalẹ̀ lu bọ́ọ̀lù, kó sì ha koríko iwájú rẹ̀. Ẹ rọra di igi náà mú bí ẹni di òròmọdìẹ mú. (Àwọn tó lágbára jù ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ èyí.)

Ẹ máa fi putter ṣeré dáadáa pẹ̀lú, torí ihò tí bọ́ọ̀lù máa wọ̀ ò fẹ̀ ju mílímítà 108 lọ. Tí ẹ bá wá dé pápá, ẹ fetí sí kádì yín, ìyẹn ẹni tó ń bá yín gbé àpò igi. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà ló ti ibi iṣẹ́ kádì bẹ̀rẹ̀.