Àǹtíbáyótíìkì wo ló lè dá ikú adìyẹ mi dúró?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́dá ni mo ń gbé. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi bẹ̀rẹ̀ adìyẹ ẹlẹ́yin 140 lẹ́yìnkùlé wa, ẹyin wọn la sì fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Lẹ́yìn Kérésì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìgbẹ́ wọn dà bí ewé tí wọ́n gún, ọrùn àwọn mìíràn lọ́ sẹ́yìn, wọn ò yé ẹyin mọ́. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n tú kápúsù sínú omi wọn. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó fún mi ní oníyẹ̀fun. Ó ku 58. Èwo ló le jù tí mo lè rà? Àbí kí n pààrọ̀ oúnjẹ wọn ni? Mo fún wọn ní àjẹsára Lasota ní kékeré o, àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àti àkùkọ méjì tí a rà lọ́jà fún ọdún nìkan ni kò gbà á.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le jù níbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wo àìsàn yìí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé, orúkọ oògùn nìkan ló ń yàtọ̀.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ Newcastle, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kan ń pè ní lùkúlùkú. Mi ò tíì fojú kan adìyẹ yín, nítorí náà mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà; yàrá àyẹ̀wò ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àrùn lùkúlùkú àti àrùn bird flu tó wọ Nàìjíríà ní 2006 máa ń jọra lójú, bẹ́ẹ̀ bird flu lè ran èèyàn. Torí èyí, ẹ má tu ìyẹ́ òkú adìyẹ kankan, ẹ má sè é, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Newcastle. Bakitéríà ni àǹtíbáyótíìkì ń bá jà: á ba ògiri ara rẹ̀ jẹ́, tàbí kó dá iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ògiri yẹn, kò sì ní irú iṣẹ́ inú tí àǹtíbáyótíìkì ń dá dúró. Inú ẹ̀yà ara adìyẹ fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Ẹ da kápúsù kan síbẹ̀ o, ẹ da ogún síbẹ̀ o, kò kàn án.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Àrùn náà kì í sábà pa gbogbo agbo tó ti gba àjẹsára díẹ̀. Tó bá ti yí gbogbo wọn ká tán, tí àwọn tó máa kú ti kú, ikú á dúró fúnra rẹ̀. Bí olówó adìyẹ bá ń tú páálí kẹta sínú omi lọ́jọ́ náà, páálí kẹta ló máa gba ògo. Ẹni tó tà á á wá máa ka orúkọ àwọn tí tiwọn yè fún yín. Ẹ ní kó ka ti àwọn tí adìyẹ wọn tán pẹ̀lú! Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ opó àti olówó àjọ ló yẹ kó ra àjẹsára.

Lóòótọ́, dókítà ẹran lè kọ àǹtíbáyótíìkì fún agbo tí bakitéríà ti gun orí àìsàn náà. Ìyẹn á wà lẹ́yìn àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìwọ̀n. Èyí tí ẹ ti fún wọn ń lọ sínú ẹyin àti ẹran, nítorí náà ẹyin tí ẹ bá rí báyìí, ẹ má tà á, ẹ má sì fi fún àwọn ọmọ, títí dókítà á fi sọ ọjọ́ tó tọ́.

Ọyẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àrùn yìí ní Nàìjíríà, Ìbàdàn yìí náà ló ti wá, láàárín oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953. Lásìkò ọdún, adìyẹ láti ibi gbogbo máa ń pàdé lórí àtẹ ọjà. Ọkàn mi ń lọ sára àkùkọ méjì yẹn. Adìyẹ lè kó àrùn náà kó tó ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà kó tó hàn lára rẹ̀, ìgbà mìíràn á tó ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ ní ẹ fún wọn ní Lasota. Ẹ̀ẹ̀kan ní kékeré kò tó adìyẹ ẹlẹ́yin. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gbà, kí Komarov, èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́, sì tẹ̀ lé e kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Báwo lẹ sì ṣe gbé e délé? Fáírọ́ọ̀sì alààyè tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni. Láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Ìgò tó bá ti wà nínú náílọ́ọ̀nù láti Ìwó Road dé Ẹgbẹ́dá nínú sún-kẹẹrẹ ọ̀sán, omi lásán lẹ fún wọn mu. Kúlà tó ní yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní kiloríìnì. Ẹ gba omi lẹ́nu wọn fún bí wákàtí kan sí méjì, kí ẹ wá gbé àjẹsára sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n mu ún tán kó tó pé wákàtí méjì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìdànù ni, kì í ṣe ti fírììjì. Àjẹsára inú ìgò kan sábà máa ń pọ̀ ju adìyẹ ilé kan lọ, nítorí náà ẹ pe àwọn aládùúgbò kí ẹ jọ dá owó, kí adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri náà rí tirẹ̀ gbà.

Ní báyìí, ẹ di òkú tuntun méjì sínú náílọ́ọ̀nù onípele méjì, ẹ gbé e sórí yìnyín, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́. Ẹ sin àwọn yòókù sí kòtò jíjìn, ẹ má jù wọ́n sódò. Ẹ má ta èyí tó ń ṣe òjòjò fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí owó wọ́n yín tó. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ilé adìyẹ kí ẹ tó da oògùn apakòkòrò àrùn sí i, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán.

Oúnjẹ wọn, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀.